Jọ́tà Mẹ́rìnlá àti Owó Àjọ Kan

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, mo ní ọmọ méjì, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí yunifásítì láti gba oyè kejì. Oríkì orílẹ̀ àti ìjálá ni mo ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Sátidé, màá wọ ọkọ̀ lọ sí àwọn abúlé tó wà lọ́nà Ìsẹ́yìn, màá jókòó ti àwọn àgbà, màá sì máa kọ ohun tí wọ́n bá kì sílẹ̀.

Jọ́tà tí mo ti kọ kún ti di mẹ́rìnlá báyìí. Àwọn kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn kan wà nínú àpò Ghana-must-go lókè kọ́bọ́ọ̀dù, òjò sì ti pa méjì nínú wọn lórí ọ̀kadà. Ní oṣù tó kọjá, mo fi odidi ọjọ́ mẹ́ta wá oríkì Oníkòyí kan tí bàbá ọlọ́dẹ kan kì fún mi. Mo mọ̀ dájú pé mo kọ ọ́. Títí di òní, n kò rí i.

Ẹnì kan ní kíláàsì wa wá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan dé, ó ń fi kálàmù kọ̀wé lójú rẹ̀ bí ẹni ń kọ ọ́ sórí bébà. Ó ní gbogbo ohun tí òun ti kọ láti ọdún méjì ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ojú mi ti wà lára nǹkan yẹn. Owó àjọ mi yóò kàn mí ní oṣù méjì sí i. Ọkọ mi bi mí pé ṣé jọ́tà ti tán lọ́jà ni. Ọmọ mi obìnrin ní iPad ni kí n rà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n rà á àbí kí n má rà á? Tí n óò bá rà á, èwo ni? Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èdè àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dá mi lóhùn.

Olùkọ́ Oníjọ́tà, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú iṣẹ́, o kú làálàá. Kí a tó débi ẹ̀rọ, bá mi kí ọkọ rẹ. Ìbéèrè gidi ló bi ọ́, ó kàn dá a dúró lágbedeméjì ni. Lóòótọ́, jọ́tà kò tíì tán lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta tí o fi ń tú ilé yẹn, oríkì Oníkòyí lo ń wá, o kò wá jọ́tà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo fẹ́ kí o ka nǹkan kan fún mi. Nínú jọ́tà mẹ́rìnlá yẹn, yàtọ̀ sí èyí tí ò ń kọ lọ́wọ́, mélòó lo ṣí láàárín oṣù tó kọjá? Má ka ọjọ́ mẹ́ta tí o fi wá oríkì mọ́ ọn. Ohun tí o bá dá ara rẹ lóhùn ló máa sọ bóyá kí o ra ẹ̀rọ yìí tàbí kí o fi í sílẹ̀. Èmi kò lè sọ ọ́ fún ọ, ẹni tó ń tajà kò sì ní bi ọ́ léèrè.

Ìdí tí mo fi béèrè ni pé àìsàn mẹ́rin ló máa ń ṣe àkọsílẹ̀, àwa a sì máa pe gbogbo wọn ní orúkọ kan náà. Èkíní ni pé ó wúwo, ó ń gba àyè. Ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ nìyẹn. Èkejì ni òfò: òjò, iná, ikán, olè. Ẹ̀kẹta ni pé o mọ̀ pé ó wà, o kò rí i. Ẹ̀kẹrin ló le jù: o kọ ọ́, o kò padà kà á. Tábúlẹ́ẹ̀tì ń wo èkíní sàn pátápátá. Ó ń wo èkejì sàn tí o bá ràn án lọ́wọ́. Ó ń wo ẹ̀kẹta dé ìdajì. Ní ti ẹ̀kẹrin, kò ní egbòogi kankan fún un, ó tiẹ̀ lè mú un le sí i.

Jẹ́ kí n fi ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀ ṣàlàyé. Ní ilé-kéwú, wàláà ni ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Pátákó igi ni, tàdáwà ni wọ́n sì fi ń kọ̀wé sí i. Wọ́n á kọ ẹsẹ̀ Kùránì sójú rẹ̀, ọmọ á máa kà á títí yóò fi há a sórí. Nígbà tó bá mọ̀ ọ́n tán, wọ́n á fi omi fọ wàláà náà, wọ́n á tún kọ òmíràn sí i. Pátákó kan ṣoṣo lè tó ọmọ lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe rí nìyẹn: ojú kan ṣoṣo, ìwé tí kò lópin. Ṣùgbọ́n wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Wàláà kì í gba ẹ̀kọ́ tuntun àfi tí ọmọ bá mọ ti àná. Tábúlẹ́ẹ̀tì kì í tètè kún, kì í sì í bi èèyàn léèrè ohunkóhun. O lè kọ̀wé sí i fún ọdún márùn-ún láì bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Jọ́tà pàápàá sàn díẹ̀ níbi èyí, nítorí bó bá kún, o ní láti gbé e lọ fi pamọ́, ojú rẹ á sì kan àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Fi ìyẹn sọ́kàn, ká wá wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Màá pè wọ́n ní olójú bébà àti olójú dígí. Bí mo bá gbọ́ àpèjúwe rẹ dáadáa, olójú bébà ni ti ẹni kíláàsì rẹ. Àwọn kan tó ti MIT ní Amẹ́ríkà jáde ló dá ilé-iṣẹ́ E Ink sílẹ̀ ní 1997 láti máa ṣe irú ojú bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ kún fún àwọn róbótó kéékèèké tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀, omi tó mọ́ gaara wà nínú wọn, ẹ̀rún funfun àti ẹ̀rún dúdú sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà. Níbi tí kálàmù bá gbà kọjá, iná mànàmáná díẹ̀ á ti dúdú wá sókè, funfun á lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó ń jẹ iná mọ́. Lẹ́tà náà á dúró síbẹ̀ bí ẹni pé yínǹkì ló gbẹ. Ìdí nìyẹn tí bátìrì olójú bébà fi ń lo ọ̀sẹ̀, tí ti olójú dígí sì ń lo wákàtí. Amazon ní Kindle Scribe ti 2022, olójú bébà kan tí òun ń ṣe, lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ẹni tó bá ń fi ìdajì wákàtí kọ̀wé lójúmọ́. Apple ní iPad òun ń lo wákàtí mẹ́wàá. Fún àwa tí NEPA ń ṣe bó ṣe wù ú sí, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Òòrùn náà kì í dí olójú bébà lọ́wọ́. Ní gbangba abúlé, níbi tí ojú fóònù rẹ ti ń ṣókùnkùn, ṣe ni ti ẹ̀ á máa hàn kedere.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ̀wé sórí ọ̀kan, ìró rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ojú rẹ̀ kì í yọ̀ bí ti fóònù. Ẹnu kálàmù a máa ha á díẹ̀díẹ̀, á máa dún jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí adìẹ ń fẹsẹ̀ ha ewé gbígbẹ lẹ́yìnkùlé. Ọwọ́ mi kò mọ̀ pé òun ti kúrò lórí bébà. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó dùn ún kọ yẹn gan-an ló ń jẹ ẹnu kálàmù náà. Ó ń kú bí ṣọ́ọ̀kì, èèyàn á sì máa ra òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ti olójú bébà tó ń jẹ́ Supernote nìkan ni mo rí tó yàtọ̀: ohun líle bí àwo tánganran ni wọ́n fi ṣe ẹnu kálàmù rẹ̀, ojú ẹ̀rọ náà ló rọ̀, nítorí náà ẹnu kálàmù kì í tètè kú.

Àwọn tó gbajúmọ̀ nínú olójú bébà ni reMarkable, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Oslo lórílẹ̀-èdè Norway, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2017, tí èkejì tẹ̀ lé e ní 2020. Kindle Scribe, tó jáde ní ìparí 2022 ní nǹkan bíi dọ́là 340. Àti Supernote pẹ̀lú Boox tó ń wá láti Ṣáínà. Má fi orúkọ wọn da ara rẹ láàmú. Nǹkan méjì péré ni kí o rántí. reMarkable 2 kò ní iná nínú: bí NEPA bá múná lọ lálẹ́, o kò ní rí ohun tí o kọ àfi tí o bá tan tọ́ọ̀ṣì. Kindle Scribe ti 2022 ní iná tirẹ̀. Èkejì, kò sí èyí tó lè gba ohùn sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Màá padà sí ìyẹn láìpẹ́.

Olójú dígí ni àwọn tó jọ fóònù ńlá. Apple bẹ̀rẹ̀ sí í ta kálàmù fún iPad ní 2015, ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń ta kálàmù yẹn, owó ọ̀tọ̀. Samsung ń kó kálàmù tirẹ̀ mọ́ àwọn kan nínú páálí. Galaxy Tab S6 Lite tó jáde ní 2020 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kálàmù rẹ̀ kò sì nílò ṣájà. Àwọn ẹ̀rọ yìí ní àwọ̀, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń gba WhatsApp, wọ́n ń fi fíìmù hàn. Ibi tí adùn wọn wà náà ni wàhálà wọn wà. Òtítọ́ ni ọmọ rẹ ń sọ pé iPad dára. Ohun tí kò sọ fún ọ ni pé ọjọ́ tí iPad bá wọlé, ọjọ́ kejì ló ti di ti gbogbo ilé, ìwọ lo máa máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn láti fi ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, má tíì pa olójú dígí tì. Ro ó wò: bàbá ọlọ́dẹ kan jókòó sórí àpótí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé ìjálá. Ìjálá kì í dúró de akọ̀wé. O ń kọ ìlà kìíní, ó ti dé ìlà kẹrin. O bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sẹ́yìn, okùn ọ̀rọ̀ já, ohun tó kì lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe ohun tó kì lẹ́ẹ̀kíní. Áàpù ìkọ̀wé Samsung lè máa gba ohùn bàbá sílẹ̀ bí o ṣe ń kọ̀wé lọ. Tí o bá délé, wàá fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí o kọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ohùn náà láti ibi tí bàbá wà nígbà tí o kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Fún irú iṣẹ́ tìrẹ, mo fi èyí ṣáájú ẹwà ojú bébà. Bí o kò bá sì tíì ní tábúlẹ́ẹ̀tì, fóònù àti jọ́tà lè ṣe ìdajì rẹ̀ fún ọ láti Sátidé tó ń bọ̀. Tan agbohùnsílẹ̀ inú fóònù rẹ, kí o sì máa kọ ìṣẹ́jú tí ó dé sí etí ìwé: 3, 7, 12. Ohun tí o bá fò, ilé lo ti máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá kí o tó tan án o. Ohùn ẹni, dúkìá ẹni ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé ìpolówó kì í sọ, torí pé kì í ṣe àwa ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wọ́n á ní ẹ̀rọ náà lè sọ ìwé ọwọ́ di ìwé títẹ̀. Tí o bá dé ṣọ́ọ̀bù, kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti oko sí i níṣojú ẹni tó ń tà á, kí o sì ní kó yí wọn padà. Bó bá jẹ́ “oko” márùn-ún ló jáde, a jẹ́ pé ọkọ tó wà nílé rẹ, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ tó gbé ọ lọ sí Ìsẹ́yìn àti ọ̀kọ̀ ológun ti di nǹkan kan náà nìyẹn. Èèyàn kò lè fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kọ oríkì Oníkòyí, ìdílé jagunjagun, kó má di ẹ̀rín. Ohun kan náà yìí ni wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé ọwọ́, nítorí náà má retí pé wàá tẹ “Oníkòyí” kí gbogbo ibi tí o ti kọ ọ́ yọjú. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ìdajì àìsàn kẹta ló ń wò.

Ṣùgbọ́n apá kejì rẹ̀ dùn mọ́ mi. Bí o bá fi ìwé ọwọ́ rẹ sílẹ̀ bó ṣe wà, tí o kò yí i padà, gbogbo àmì ohùn rẹ ló máa dúró sí ibi tí o fi wọ́n sí. Ìwọ tí o ti fi ìṣẹ́jú kan gbáko wá “ẹ̀” lórí fóònù mọ ohun tí mò ń wí. Kálàmù kì í wá àmì kiri. Ibi tí ọ̀fun bàbá bá ti lọ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ á ti fà á sílẹ̀. Nínú gbogbo àǹfààní tí ẹ̀rọ yìí ní fún ẹni tó ń kọ Yorùbá, èyí ni mo kà sí jù.

O lè ti gbọ́ pẹ̀lú pé fífi ọwọ́ kọ̀wé dára fún ọpọlọ ju títẹ̀ lọ. Ní 2014, Pam Mueller àti Daniel Oppenheimer tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ohun tí olùkọ́ ń sọ máa ń da ọ̀rọ̀ náà kọ wẹ́kú, wọn kò sì dáhùn ìbéèrè tó gba àròjinlẹ̀ tó àwọn tó fi ọwọ́ kọ. Àwọn mìíràn tún un ṣe ní 2019, ìyàtọ̀ náà kò sì hàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn nìkan ta ọjà fún ọ. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jù wá láti yunifásítì kan ní ìlú Trondheim, ní Norway, ó sì jáde ní 2024. Wọ́n wo ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ 36, wọ́n sì rí i pé àwọn apá ọpọlọ ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ kọ̀wé ju ìgbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Kálàmù ẹ̀rọ ni wọ́n fi kọ ọ́, lójú dígí. Bí èrè bá wà nínú kíkọ, ọwọ́ ló ń mú un wá, bébà kọ́.

Wàyí o, gbọ́ nípa kòtò kan tí èmi fúnra mi ti jìn sí, kí o má baà jìn sí i. Mo ra tábúlẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ kan lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ. Ojú rẹ̀ ń dán, kálàmù wà nínú àpò rẹ̀, mo sanwó, inú mi ń dùn. Mo délé, mo gbé kálàmù lé e, kò kọ. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò kọ. Ṣe ló dà bí ẹni ń fi orín kọ̀wé sára ògiri. Ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò ó ló rẹ́rìn-ín pé kálàmù ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n fi sínú àpò náà. Kálàmù àwọn ẹ̀rọ yìí dà bí kọ́kọ́rọ́, ti ilé kan kì í ṣí ilé kejì. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ìlà mẹ́wàá. Gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú rẹ̀ bí o ṣe máa ń gbé e lé jọ́tà, kí o wò ó bóyá yóò máa fa ìlà káàkiri. Ní kí wọ́n fi ojú ewé kan ránṣẹ́ sí fóònù rẹ ní PDF. Béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹnu kálàmù. Dọ́là ni wọ́n ń tẹ̀ lé, nítorí náà béèrè owó ní ibi mẹ́ta lọ́sẹ̀ tí o bá fẹ́ rà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfò. Ìwọ olùkọ́ Yorùbá mọ ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson, pásítọ̀ Ọ̀yọ́, kọ. Ó parí rẹ̀ ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó, ìwé náà sì sọnù. Johnson kú ní 1901, kò rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àti àwòkọ jákujàku tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó sì fi wọ́n tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún fi ránṣẹ́ ní 1916. Ọkọ̀ òkun Appam tó gbé e kó sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú agbami, Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà já sí. 1921 ni ìwé náà tó jáde, ọdún 24 lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ ti sọ pé ó parí. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀dà kan kì í ṣe ẹ̀dà. Bí o bá ra tábúlẹ́ẹ̀tì tí ohun gbogbo wà lójú rẹ̀ nìkan, jọ́tà mẹ́rìnlá lo dì sínú àpò kan fún olè kan ṣoṣo. Rí i pé ó ń fi ẹ̀dà pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o sì máa kó o sí fílaṣì lóṣooṣù. Ẹ̀kọ́ kejì, Dókítà Johnson rí ohun tó fi tún ìwé kọ torí pé àkọsílẹ̀ náà ṣeé padà sí. Jákujàku ni, ṣùgbọ́n ó ṣeé padà sí.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Má tíì rà á. Oṣù méjì ló kù kí àjọ kàn ọ́, lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú rẹ̀ báyìí. Fi nọ́ńbà sí ẹ̀yìn jọ́tà rẹ, 1 dé 14. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ojú ewé 60, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 840. Ojú ewé 20 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún ọjọ́ 42, o ti parí rẹ̀. Áàpù Google Drive tó wà lórí fóònù Android lè ya ìwé kó sì sọ ọ́ di PDF, kò gba owó lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá ṣe ń ya ojú ewé kan ni kí o máa kọ ìlà kan sínú ìwé kékeré kan: oríkì ta ni, ta ló kì í, abúlé wo, ọjọ́ wo, jọ́tà kelòó, ojú ewé kelòó. Àwọn méjì tí òjò pa, ṣáájú gbogbo wọn ni kí o ya wọ́n, kí yínǹkì wọn tó parẹ́.

Bí o bá parí rẹ̀, tí o sì rí i pé o ti ń padà sí àwọn ojú ewé yẹn fún iṣẹ́ rẹ, fi owó àjọ ra ẹ̀rọ, ọkàn rẹ balẹ̀. Èyí tí mo máa yàn fún ọ ni olójú dígí Samsung tí kálàmù bá a wá, nítorí ohùn àwọn bàbá yẹn. Yọ WhatsApp kúrò lórí rẹ̀, fi ọ̀rọ̀ aṣínà tí àwọn ọmọ kò mọ̀ sí i, kí o sì gbé páwà báńkì dání lọ sí abúlé. Bó bá jẹ́ pé kíka àwọn PDF ti yunifásítì lálẹ́ ló ń rẹ ojú rẹ jù, tí fóònù sì tó ọ fún gbígba ohùn, Kindle Scribe ni kí o wò. Èyí tó wù kí o rà, máa mú jọ́tà kan dání lọ́jọ́ Sátidé. Àgbà mìíràn á rí bébà, ara rẹ̀ á balẹ̀. Á rí ẹ̀rọ, á dákẹ́.

Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kejì ló ti sú ọ, tí o kò ya ojú ewé mọ́, má bínú sí ara rẹ. Iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ ilé kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí owó àjọ lọ sí ibòmíràn, torí ibi tí fóònù ti sú ọ ni tábúlẹ́ẹ̀tì náà yóò ti sú ọ, ti ẹ̀ á kàn wọ́n jù ú lọ ni.

Ọjọ́ tí o bá parí, fi ìwé kékeré tí o kọ ìtọ́ka sí yẹn han ọkọ rẹ, kó rí ohun tó wà nínú jọ́tà tí ó ní kò tíì tán lọ́jà. Oríkì Oníkòyí yẹn wà níbì kan nínú ojú ewé 840. Alẹ́ ọjọ́ tí o bá kàn án, kọ̀wé sí mi, kí o sọ fún mi bóyá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà ni, àbí inú Ghana-must-go.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.